Ilé La Ti Ń Yan Pẹ́pẹ́yẹ Kí Á Tó Dé Ọjà

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò radìyẹ. Ẹni tó bá ti mú pẹ́pẹ́yẹ tuntun wọ ẹ̀yìnkùlé rí mọ̀ pé òwe yìí kò mọ sórí adìyẹ nìkan. Àlejò á lọ há mọ́ igun ògiri, kò ní í jẹun. Àwọn onílé á máa ṣá a jẹ lórí, akọ á máa lé e kiri títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ẹni tó rà á á ní ẹran burúkú ni wọ́n tà fún òun. Lójú tèmi, ẹran náà kọ́ ló burú. Wọn ò wo ilé kí wọ́n tó gba ọjà lọ ni.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí owó tó kúrò lápò, ẹ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ ka àwọn tó wà nílẹ̀. Akọ mélòó? Abo mélòó? Èwo ló bí èwo? Akọ kan tó abo mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ilé tó ní akọ kan àti abo méjì kò nílò akọ mìíràn rárá, abo ló kù fún un. Ilé tó ní akọ mẹ́ta àti abo mẹ́ta, ọjà kọ́ ló kàn án, akọ méjì ni kó kọ́kọ́ pa jẹ tàbí kó tà. Bí akọ bá pọ̀ jù, wọn á máa gun abo léraléra títí ìyẹ́ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ á fi bó, tí ara á sì di egbò. Abo tó bá wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ kì í yé ẹyin bó ṣe yẹ.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ń sùn náà. Pẹ́pẹ́yẹ kan fẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì ní ìbú àti méjì ní òró fún oorun alẹ́. Bí ilé wọn bá ti kún, ẹ fẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó fi kún wọn. Ibi tó há, tó sì tutù ni gbogbo wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Irú wo ni ẹ ní nílẹ̀? Èyí tó wọ́pọ̀ lágbàlá wa ni pẹ́pẹ́yẹ tí ẹran pupa bò ní ojú, tí akọ rẹ̀ tóbi tó ìlọ́po méjì abo. Amẹ́ríkà ti Àárín àti ti Gúúsù ni orírun rẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ti ń sìn ín kí Kòlọ́ńbọ́ọ̀sì tó gúnlẹ̀ ní 1492, òkun ló sì gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ó lè fara da oòrùn, kò béèrè odò, ó ń jẹ eṣinṣin àti kòkòrò, abo rẹ̀ sì mọ ọmọ tọ́. Irú kejì ni èyí tó funfun, tí ẹnu rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, tí ariwo rẹ̀ ń jí àdúgbò. Wọ́n ń pè é ní Pekin, láti Ṣáínà ló sì ti ṣẹ̀. Àwọn méjèèjì lè gun ara wọn, ẹyin á pa, ọmọ á sì dàgbà, ṣùgbọ́n àgàn ni ọmọ náà. Ẹni tó bá ń sìn fún ẹran ọbẹ̀ lè máà ka ìyẹn sí. Ẹni tó bá fẹ́ kí agbo òun máa bí sí i, kó má fi irú kejì kún irú kìíní.

Ọ̀rọ̀ akọ tún gba àlàyé. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan náà. Síbẹ̀, ìgbà kan ń bọ̀ tí akọ tuntun á di dandan, ìyẹn nígbà tí akọ àgbà bá ti ń gun àwọn ọmọ tó bí fúnra rẹ̀. Bí ìyẹn bá ń lọ láti ìran dé ìran, ẹyin tí kò pa á máa pọ̀, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́ á máa yọ, àwọn tó bá yè kò ní í tóbi mọ́. Ẹ jẹ́ kí akọ àgbà kúrò nílé kí tuntun tó wọlé. Ẹ̀yin àti ẹni tó ń sìn ní abúlé kejì lè pààrọ̀ akọ fún ara yín láìná kọ́bọ̀, bí ara ẹran méjèèjì bá sáà ti le.

Níbo wá ni kí a ti rà á? N kò ní kí ẹnikẹ́ni má ra ẹran lọ́jà, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń sìn ín bá wà nítòsí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Nílé rẹ̀, ẹ óò rí ìyá, ẹ óò rí àwọn ọmọ ìyá, ẹ óò rí omi tí wọ́n ń mu. Ẹ béèrè pé ẹyin mélòó ni ìyá yìí sàba lé, mélòó ló pa, mélòó ló kó dàgbà. Ìbéèrè kẹta yẹn ló jù. Ọjọ́ 35 ni pẹ́pẹ́yẹ olójú pupa fi ń sàba, nígbà tí adìyẹ ń lo 21. Abo tí kò ní sùúrù á dìde kí ọjọ́ tó pé, gbogbo ẹyin á bàjẹ́. Abo tó bí púpọ̀ tí kò mọ ọmọ kó pamọ́, àṣá ló ń bímọ fún. Ọmọ abo tó jókòó pé, tó sì kó ọmọ là, ni kí ẹ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tà fún yín, kódà bí owó rẹ̀ bá lé díẹ̀.

Ọjà yàtọ̀. Ẹran láti ilé mẹ́wàá ló ń sùn nínú àgọ̀ kan. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù níbẹ̀ ni pé bí àrùn bá wọ agbo, ohun tí àwọn kan kọ́kọ́ ń ṣe ni kí wọ́n sáré kó àwọn tó ṣì ń rìn lọ tà, kí owó má baà ṣòfò. Pẹ́pẹ́yẹ ló sì léwu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó lè gbé àrùn sára kí ohunkóhun má ṣe é. Lúkúlúkú tó ń pa adìyẹ run, pẹ́pẹ́yẹ lè gbé e wọlé kó sì máa jẹun lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni fúlú àwọn ẹyẹ, tí ìjọba fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ní oṣù kejì ọdún 2006. Nítorí náà, ẹ má ra ẹran ìsìn ní ọ̀sẹ̀ Kérésì tàbí Iléyá. Ọ̀wọ́n wà nígbà yẹn, àkópọ̀ ẹran sì pọ̀ jù.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà, ẹ kọ́kọ́ dúró lókèèrè. Èyí tí ara rẹ̀ le á máa rìn káàkiri, ojú rẹ̀ á wà lára yín. Èyí tó ki ọrùn bọ ara, tó wú ìyẹ́ ru, tó jẹ́ kí ẹ sún mọ́ òun láìmira, ẹ fi í sílẹ̀, ì báà jẹ́ òun ló lẹ́wà jù. Kí wọ́n mú èyí tí ẹ yàn fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má gbà á ní ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ kò le tó ti adìyẹ, ó tètè ń yẹ̀. Ẹ dì í mú ní ìdí apá méjèèjì, kí ẹ fi ọwọ́ kejì gbé ikùn rẹ̀, kí ẹ sì ṣọ́ èékánná rẹ̀, ó ń ya ènìyàn lọ́wọ́. Ẹ wo ojú méjèèjì bóyá wọ́n mọ́lẹ̀, tí kò sí ìfófòó níbẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ ìdí ihò imú; bí omi bá yọ, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka méjì wá egungun àyà, kí ẹ tọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀ ọrùn lọ sí ikùn. Ó yẹ kí ẹran bò ó lọ́tùn-ún lósì. Bó bá mú bí ojú ọ̀bẹ, aràn tàbí ebi ti jẹ ẹ́ gan. Ẹ yí i padà, kí ẹ fẹ́ ẹnu sí ìyẹ́ ìdí rẹ̀, kí ìyẹ́ náà ṣí. Awọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ, kó mọ́, kí ìgbẹ́ má lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ náà, bóyá egbò dúdú tó le wà láàárín rẹ̀. Irú egbò bẹ́ẹ̀ kì í tètè jinná.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ́tí sí ohùn rẹ̀. Àwọn ọmọdé wọn jọra, olùtajà mìíràn á sì búra pé abo ni. Tí wọ́n bá ti lé ní oṣù mẹ́ta, akọ á máa mí fùù-fùù, ohùn kò ní í jáde. Abo á dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ́nà ọ̀fun. Ọjọ́ orí tí mo fọwọ́ sí jù ni oṣù mẹ́rin sí márùn-ún. Ó ti kọjá ibi tí àṣá ti ń gbé e, kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin, ilé yín ló máa ti kọ́kọ́ yé. Ẹ má sì ra ọ̀kan ṣoṣo. Abo méjì tí wọ́n jọ dàgbà ni kí ẹ rà, kí wọ́n rí ojú tí wọ́n mọ̀ nígbà tí àwọn onílé bá kọ̀yìn sí wọn.

Ẹ má kó wọn dà sáàárín àwọn ti ilé lọ́jọ́ náà. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni kí wọ́n fi dá wà, ní apá kejì ilé, pẹ̀lú abọ́ tiwọn. Àwọn ti ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ fún lóúnjẹ láàárọ̀, àlejò ló kẹ́yìn, kí ẹ sì ní bàtà tí ẹ fi ń wọ ọ̀dọ̀ wọn nìkan. Kí omi inú abọ́ jìn tó èyí tí wọ́n lè ki orí bọ̀ títí dé imú. Ẹ má fún wọn ní àgbàdo tó bu. Ní 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ pẹ́pẹ́yẹ náà sì kú, ẹ̀pà tó bu láti Brazil tí wọ́n fi ṣe oúnjẹ wọn ló fà á. Oró inú èébu yẹn ń tètè mú pẹ́pẹ́yẹ ju adìyẹ lọ. Ẹ gé ìyẹ́ gígùn apá kan ṣoṣo lára àwọn abo, torí wọ́n ń fò, èyí tí ẹ rà ní àdúgbò kejì sì lè padà sílé olówó rẹ̀. Ìyẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà ní ìdí rẹ̀, ẹ má gé e.

Lẹ́yìn oṣù kan yìí, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì sáàárín wọn fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Wọn á máa mi orí síra wọn, wọn á máa ju ìdí. Ìyẹn kì í ṣe ìjà. Ẹ ṣí nẹ́ẹ̀tì náà nírọ̀lẹ́, kí oorun tètè dé, kí ẹ sì gbé abọ́ oúnjẹ kún èyí tó wà tẹ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà lé ẹnikẹ́ni nídìí oúnjẹ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wọn á ṣá ara wọn jẹ díẹ̀. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ẹ tún ta nẹ́ẹ̀tì padà.

Ṣùgbọ́n bí àlejò bá ń ṣàìsàn nínú oṣù tó fi dá wà ńkọ́? Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Ẹ pe dókítà ẹran ọ̀sìn kó tó kú. Bó bá kú, ẹ má sè é, ẹ má sọ ọ́ sí gọ́tà, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jìn kí ẹ sin ín. Èyí tó kù lára àwọn méjèèjì, bó ti wù kó máa jẹun tó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ sọ́jà. Ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn ló ń lọ.