Ẹ̀KỌ́ ÈDÈ GẸ̀Ẹ́SÌ: ÌBÉÈRÈ ÀTI ÌDÁHÙN NÍPA IṢẸ́ OJOOJÚMỌ́



Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń gbé ilẹ̀ Ghánà. Òfin tí ìjọba ṣe ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 mú kí ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sílé, ṣùgbọ́n àwọn kan kù, àwọn mìíràn sì tún padà wá. Ẹni tí ó ń gbé Accra tàbí Kumasi a máa fi Yorùbá bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀, a sì máa fi èdè Twi tàbí èdè Gã ná ọjà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti ìwé, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nídìí kòkó. Ìwé akọ̀wé tí ń ra kòkó, ìwé olùyẹ̀wò, àti ìwé àwọn tí ń wá wádìí bí a ti ń ṣe oko, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu yín jáde a di àkọsílẹ̀, àkọsílẹ̀ náà a sì máa jẹ́rìí níbi tí ẹ̀yin fúnra yín kò sí. Àwọn baba wa ní ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Nítorí èyí ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: kí ẹ tó dáhùn, ẹ fetí sí bí ìbéèrè náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni ìdáhùn yín wà.

ẸKỌ́ KÌÍNÍ: Ohun tí ó wà lọ́wọ́, àti ohun tí a máa ń ṣe

Bí ẹnìkan bá bi yín ní Yorùbá pé, "Kí ni ẹ ń ṣe?" ó lè jẹ́ iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ yín ní wákàtí náà ni ó ń béèrè, ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ yín. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ya méjèèjì sọ́tọ̀.

What are you doing? Kí ni ó wà lọ́wọ́ yín nísinsìnyí?
I am drying my cocoa. Mò ń sá kòkó mi lọ́wọ́.
What do you do? Kí ni iṣẹ́ òòjọ́ yín?
I grow cocoa. Kòkó ni mo máa ń gbìn.

Bí ìbéèrè bá fi Are bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìsinsìnyí ni; am ni ẹ ó fi dáhùn. Bí ó bá fi Do bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣe ojoojúmọ́ ni. Do ni ẹ ó fi dáhùn.

Are you drying your cocoa? Yes, I am. Tàbí: No, I am not.
Do you dry your cocoa every day? Yes, I do. Tàbí: No, I do not.

Ẹ wo bí àṣìṣe kékeré ti lè ba iṣẹ́ ńlá jẹ́. Ká ní olùrà kan dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kan ní ọjọ́ tí òjò ń rọ̀, tí ẹní ìsákòkó sì wà ní kíká. Ó béèrè pé, "Do you dry your cocoa every day?" Àgbẹ̀ náà wo ojú ọ̀run, ó sì dáhùn pé, "No." Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n olùrà ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkùnrin yìí kì í sá kòkó rẹ̀ déédéé. Ohun tí ìbá sọ ni èyí: "Yes, I do. But today it is raining." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, mo máa ń sá a, ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀ lónìí."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọjọ́ kan dánra wò báyìí. Bí ẹ bá gbọ́ What time, wákàtí ni wọ́n ń béèrè, ọ̀rọ̀ kékeré nì, at, ni ó sì máa ń ṣáájú wákàtí.

What time do you wake up? I wake up at five o'clock. Aago márùn-ún ni mo máa ń jí.
What time do you go to the farm? I go to the farm at six o'clock. Aago mẹ́fà ni mo máa ń lọ sóko.
What time do you come home? I come home at four o'clock. Aago mẹ́rin ni mo máa ń padà wálé.

ẸKỌ́ KEJÌ: Ọjọ́ mélòó?

Ẹ̀kọ́ yìí ṣòro fún wa ju fún ẹlòmíràn lọ, nítorí ìṣirò ọjọ́ ti Yorùbá kò bá ti Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba. Bí a bá bí ọmọ ní ọjọ́ Ajé, tí a sì sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, a ó ní ọjọ́ kẹjọ ni. Ọjọ́ tí a bí i wà nínú èyí tí a kà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi elédè Gẹ̀ẹ́sì pé ọjọ́ mélòó ni ó wà láàárín ìbí àti ìsọmọlórúkọ, yóò ní ọjọ́ méje. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà ọrún wa: a ní ọjọ́ márùn-ún-márùn-ún ni a ń ná an, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni Gẹ̀ẹ́sì yóò pè é.

Ẹ jẹ́ kí a mú èyí wá sídìí kòkó. Ìmọ̀ràn tí a ń fún àgbẹ̀ ní Ghánà ni pé kí hóró kòkó tútù wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà, kí a sì yí i padà lẹ́yìn wákàtí 48, kí a tún yí i padà lẹ́yìn wákàtí 48 mìíràn. Bí ẹ bá bò ó ní ọjọ́ Ajé, ẹ ó yí i ní Ọjọ́rú, ẹ ó tún yí i ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ ó sì kó o lọ sórí ẹní ní ọjọ́ Àìkú. Nínú ìṣirò tiwa, Ọjọ́rú ni ọjọ́ kẹta, ọjọ́ Àìkú sì ni ọjọ́ keje. Nínú ìṣirò Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ méjì-méjì ni ẹ ń yí i, ọjọ́ mẹ́fà ni ó sì lò.

How many days do you ferment your cocoa? Ọjọ́ mélòó ni ẹ fi ń bo kòkó yín?
I ferment it for six days. Ọjọ́ mẹ́fà ni.
How often do you turn the beans? Ẹ̀ẹ̀mélòó ni ẹ máa ń yí hóró náà padà?
I turn them every two days. Ọjọ́ méjì-méjì ni mo máa ń yí wọn.

Bí ẹ bá fi ìṣirò ilé dáhùn pé "every three days", olùrà yóò kà á láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, yóò sì gbà pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ yí kòkó yín kí ẹ tó kó o jáde. Ọ̀nà àbáyọ kò le: ẹ ka alẹ́, ẹ má ka ọ̀sán. Iye alẹ́ tí ó kọjá ni iye ọjọ́ tí ẹ ó sọ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀bẹ olùyẹ̀wò ni yóò sọ òótọ́, kì í ṣe ẹnu àgbẹ̀. Òótọ́ ni. Olùyẹ̀wò a máa la 300 hóró sí méjì, a sì máa wo inú wọn. Bí èyí tí inú rẹ̀ rí bíi síléètì bá ju 3 lọ nínú 100, kòkó náà kò lè jẹ́ gíréèdì kìíní. Bí ó bá ju 8 lọ, kò lè jẹ́ gíréèdì kejì pàápàá. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kò lè sọ ìdí rẹ̀. Bí ìdáhùn yín bá tọ́, olùrà yóò mọ ibi tí àléébù náà ti wá, yóò sì lè gbà yín nímọ̀ràn. Bí ìdáhùn bá ṣì, ìmọ̀ràn náà yóò ṣì pẹ̀lú.

ẸKỌ́ KẸTA: Ọ̀rọ̀ nípa ẹlòmíràn

Nínú èdè wa, "ó" ni ọkùnrin, "ó" ni obìnrin. Gẹ̀ẹ́sì a máa pe ọkùnrin ní he, a máa pe obìnrin ní she. Bí ìbéèrè bá kan ẹnìkan tí kò sí nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà, Do a di Does.

Does your wife work on the farm? Yes, she does.
Does your son go to school? Yes, he does. He goes to school every morning.

Ẹ ṣàkíyèsí lẹ́tà s. Nínú ìbéèrè, ara does ni ó wà, a kì í fi kún go. Nínú ìdáhùn tí kò sí does, ó ṣí lọ sára goes. Kì í gbé ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbéèrè nípa ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Láti ọdún 2001, nígbà tí àwọn tí ń ṣe ṣokoléètì ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn nípa iṣẹ́ ọmọdé nínú oko kòkó, ni irú ìbéèrè yìí ti ń pọ̀ sí i lẹ́nu àwọn tí ń bẹ oko wò. Òfin Ọmọdé ti Ghánà, tí a ṣe ní ọdún 1998, ti sọ pé ọmọ gbọ́dọ̀ pé ọdún 15 kí a tó gbà á síṣẹ́, kí ó pé ọdún 13 fún iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, àti ọdún 18 fún iṣẹ́ tí ó léwu. Nítorí náà, bí wọ́n bá béèrè pé, "What does your son do after school?" iṣẹ́ tí ọmọ náà máa ń ṣe lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé rẹ̀ ni ó máa ń kà, tí ó sì máa ń pọnmi, ẹ sọ pé, "He reads his books and he fetches water." Ẹ má ṣe sọ pé, "He is working", nítorí iṣẹ́ oko ni wọn yóò rò pé ẹ rán an lọ. Ẹ̀kọ́ yìí kò wà láti fi Gẹ̀ẹ́sì bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ó wà kí òótọ́ yín lè dé inú ìwé bí ó ti rí gan-an.

ẸKỌ́ KẸRIN: Yes àti No

Ọ̀fìn tí ó jìn jù lọ nìyí. Bí a bá bi yín ní Yorùbá pé, "Ṣé ẹ kì í yí kòkó yín ni?" ẹni tí ó máa ń yí i yóò ní, "Rárá o, mo máa ń yí i." Rárá yẹn ń kọ ẹ̀sùn tí ó wà nínú ìbéèrè náà. Gẹ̀ẹ́sì kì í wo ìbéèrè. Iṣẹ́ náà ni ó ń wò. Bí ẹ bá ń ṣe é, Yes. Bí ẹ kì í bá ṣe é, No, bí ó ti wù kí wọ́n gbé ìbéèrè náà kalẹ̀.

Don't you turn your beans? Yes, I do. Mo máa ń yí i.
Don't you turn your beans? No, I do not. N kì í yí i.

Ẹni tí ó sọ "No" kan ṣoṣo, tí ó sì dákẹ́, ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kì í ṣe iṣẹ́ tí ó ń ṣe lójoojúmọ́. Ẹ má ṣe fi Yes tàbí No nìkan sílẹ̀; ẹ so I do tàbí I do not mọ́ ọn.

Ohun kan tún wà. Àwa a máa bọ̀wọ̀ fún àlejò àti aláṣẹ, ọ̀pọ̀ nínú wa a sì máa dáhùn pé "Yes, sir" sí ìbéèrè tí kò yé wa. Ọ̀wọ̀ dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdáhùn. Bí wọ́n bá béèrè pé, "Do you mix old beans with new beans?" tí ẹ sì ní "Yes, sir", ẹ ti sọ pé ẹ máa ń po ògbólógbòó kòkó mọ́ tuntun. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé yín, ẹ sọ èyí láìtijú: "Please, say it again." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un sọ. Abèèrè kì í ṣìnà.

ỌRỌ̀ FÚN ẸYIN OLÙRÀ

Apá kan ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ tiyín. Ẹ má ṣe fi Don't you bi àgbẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Do you ni kí ẹ lò. Ìbéèrè kan ni kí ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá kan iye ọjọ́, ẹ bi í pé, "On which day do you start? On which day do you finish?" ọjọ́ wo ni ó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ wo ni ó parí, kí ẹ̀yin fúnra yín sì ṣe ìṣirò rẹ̀. Kí ẹ tó kọ ìdáhùn sílẹ̀, ẹ kà á sí i létí ní èdè tí ó gbọ́.

ÌDÁNRAWÒ

Kí ẹnìkan nínú ilé ka àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, kí ẹnìkejì dáhùn, kí wọ́n sì pààrọ̀ ipò:

1. What time do you wake up?
2. Are you working now?
3. Do you work on Sunday?
4. How often do you turn your beans?
5. What does your daughter do after school?
6. Don't you dry your cocoa on a mat?

Ìbéèrè kẹfà ni kí ẹ fi wọn ara yín wò. Ẹni tí ó ń sá kòkó rẹ̀ sórí ẹní, tí ó sì dáhùn láìjáfara pé, "Yes, I do", ti jàǹfààní ẹ̀kọ́ yìí. Bí ọmọ yín tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ bá lè tún ahọ́n yín ṣe, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọpẹ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí irè oko yín dára, kí òṣùwọ̀n sì pé.