Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: BÍ ỌDẸ ṢE LÈ YAN AWÒ Ọ̀NÀ JÍJÌN TÍ OWÓ RẸ̀ MỌ NÍWỌ̀N



Láàrin oṣù mẹ́ta sí àkókò yìí, mẹ́rin nínú àwọn ọdẹ tó wà nínú ẹgbẹ́ wa ló ti kọ ìwé sí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó pé àwọn fẹ́ yá owó láti fi ra awò ọ̀nà jíjìn olójú méjì, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní báínọ́kúlà. Ìgbìmọ̀ kò kọ̀ fún wọn, nítorí pé irinṣẹ́ ni, kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ ra tirẹ̀ dé, tí a sì gbé e wò lẹ́yìn ìpàdé, ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ wa nínú. Wọ́n kọ 30x60 sí i lára gàdàgbà, dígí iwájú rẹ̀ pupa bí ẹyin iná, ẹni tó tà á sì búra pé ó ń ríran lóru. Nígbà tí a fi rúlà ọmọ ilé-ìwé wọn dígí náà, kò ju mílímítà 27 lọ. Ní nǹkan bí agogo méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ojú lásán ń rí ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi lẹ́yìn gbọ̀ngàn. A gbé awò yìí sójú, òkùnkùn ni a rí. Oṣù mẹ́wàá gbáko ni arákùnrin wa yóò fi san owó náà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi gbé ẹ̀kọ́ yìí kalẹ̀ kí àwọn mẹ́ta tó kù tó lọ sọ́jà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa léèrè: kí ni ọdẹ fẹ́ fi awò ṣe gan-an? Ẹni tó ń dẹ igbó kìjikìji, níbi tí ojú kì í ti í ríran ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, kò nílò rẹ̀ púpọ̀. Kí ó fi owó rẹ̀ ra bàtà. Ẹni tó ń fi iná orí ṣọdẹ òru náà kò nílò rẹ̀, nítorí ojú ẹran tó ń tàn nínú iná ló ń wá, awò kò sì lè dá ìmọ́lẹ̀ tí kò sí. Ọdẹ ọ̀dàn ló ni awò. Láti òkè Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣakí, Ìgbòho àti Kìṣí, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí iná sì ti jó koríko, ènìyàn lè dúró lórí àpáta kí ó máa wo ibi tó tó igba mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹran tí a sì ń wá níbẹ̀, àgbọ̀nrín, ẹtu àti awó, kì í fẹ́ rìn ní ọ̀sán gangan. Kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni tiwọn. Nítorí náà, awò ọdẹ jẹ́ awò tí a ó lò nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kò tó. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tó kù dúró lé.

Ohun kan tún wà tó wúwo ju ẹran lọ. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ tí àsìkò ẹmí dé, èso rẹ̀ a máa já bọ́ lóru, àwọn ìyá wa àti àwọn ọmọ a sì jáde lọ ṣà á kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ohun tó bá ń mì nínú koríko ní agogo mẹ́fà àárọ̀, tó ga dé ìbàdí, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ilẹ̀, ó lè jẹ́ àgbọ̀nrín. Ó sì lè jẹ́ ìyá oníyàá tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí igi. Kò sí ọdẹ àgbà kan nínú ẹgbẹ́ yìí tí kò tí ì gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí, a kò sì ní í tú u síta níhìn-ín. Kò sí iye ẹ̀yáwó tí ẹgbẹ́ lè fọwọ́ sí tí yóò tún un ṣe. Ẹni tó ń fi etí yìnbọn, tó jẹ́ pé koríko ṣe wuruwuru ló fi mọ̀ pé ẹran ni, ewu ni fún gbogbo ìlú. Awò tó dára yóò fi ọwọ́ hàn yín, yóò fi gèlè hàn yín, yóò fi igbá tàbí bùkẹ́ẹ̀tì hàn yín. Kí ìbọn wà ní èjìká, kí ẹnu rẹ̀ má kọjú sí ohun tí ẹ ń wò, títí ojú yóò fi dá a mọ̀ dájú. Àwọn tó ń dẹ apá ibi tó bá ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé pààlà mọ̀ pé láti ọdún 1991 tí ìjọba àpapọ̀ ti sọ ibẹ̀ di National Park, a kò gbọdọ̀ yìnbọn níbẹ̀. Awò lè jẹ́ kí ẹ rí àmì ààlà náà láti òkèèrè kí ẹsẹ̀ tó kọjá rẹ̀.

Nísisìyí, ọ̀rọ̀ nọ́ńbà méjì tí wọ́n máa ń kọ sára awò. Ẹ mú 8x42. Mẹ́jọ yẹn ni iye ìlọ́po tí ó fi ń mú nǹkan sún mọ́ ojú: ẹran tó wà ní ọgọ́rin mítà yóò dà bí ẹni pé ó wà ní mítà mẹ́wàá. Méjìlélógójì ni fífẹ̀ dígí iwájú ní mílímítà, ìyẹn ojú fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Àwọn ọlọ́jà mọ̀ pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ojú oníbàárà máa ń lọ sí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ 20, 30, kódà 60. Ẹ má gbà.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ pín èkejì. Tí ẹ bá fi 8 pín 42, ẹ ó rí 5 àti díẹ̀. Èyí ni fífẹ̀ ìmọ́lẹ̀ róbótó tí yóò jáde láti inú awò wọ inú ọmọlójú yín. Ní ọ̀sán, ọmọlójú wa máa ń sún kì, mílímítà 2 tàbí 3 ti tó o. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ti ọ̀dọ́ lè ṣí tó 7, ti àwa àgbà lè má ju 5 lọ. Awò 10x25 kékeré tó ń wọ àpò ẹ̀wù, 2 àti ààbọ̀ péré ló ń mú wá. Ó dára fún ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù ní ọ̀sán, kò dára fún ọdẹ ìrọ̀lẹ́. Èyí tí wọ́n pè ní 30x60 yẹn, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́, 2 ni yóò jẹ́. Awò 7x50 tí àwọn atukọ̀ ojú òkun fẹ́ràn ń mú 7 wá, ó mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wúwo, ọrùn ọdẹ kì í ṣe ti màlúù.

Ìlọ́po tó pọ̀ jù tún ní àrùn mìíràn. Bí ó ṣe ń sọ ẹran di ńlá ni ó ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ di ńlá. Tí ó bá ti ju 10 lọ, ọwọ́ lásán kò lè mú un dúró jẹ́ẹ́, pàápàá lẹ́yìn tí ènìyàn ti gun òkè tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì. Ibi tí ojú ń rí lẹ́ẹ̀kan náà yóò sì tún dín, ẹran á ti sá lọ kí ẹ tó rí igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èrò wa ni pé kí ọdẹ tó ń ra àkọ́kọ́ ra 8x42. Akọ̀wé wa kò gbà, ó ní 10x42 ló tọ́ sí ibi gbalasa bí apá Kìṣí. A kò bá a jà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ń yí, bí 10 sí 30, tí wọ́n ń pè ní zoom, àwa àti akọ̀wé fi ẹnu kò pé kí ẹnikẹ́ni má rà á ní iye owó tí ọwọ́ wa lè tẹ̀.

Kì í ṣe fífẹ̀ dígí nìkan ló ń mú ìmọ́lẹ̀ wá. Dígí tí a kò kùn ní nǹkan kan máa ń ta ìmọ́lẹ̀ padà; nínú ọgọ́rùn-ún, bíi mẹ́rin ló ń sọnù ní ojú kọ̀ọ̀kan. Inú awò sì ní dígí púpọ̀, tí ìmọ́lẹ̀ bá kọjá ojú mẹ́wàá, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti ṣòfò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ní ọdún 1935, Alexander Smakula tó ń ṣiṣẹ́ fún Zeiss ní Jámánì rí ọ̀nà tí wọ́n fi lè kùn dígí kí ìmọ́lẹ̀ má baà máa ta padà bẹ́ẹ̀, gbogbo awò tó dára lónìí ló sì ń jàǹfààní rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òyìnbó tí ẹ ó wò lára páálí ni Fully Multi-Coated, ìyẹn ni pé gbogbo ojú dígí ni wọ́n kùn, wọ́n sì kùn ún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Coated nìkan kò tó. Nítorí pé ẹnikẹ́ni lè tẹ ọ̀rọ̀ sára páálí, ẹ gbé dígí iwájú sábẹ́ gílóòbù kí ẹ wo àwòrán iná tó wà nínú rẹ̀: tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ àlùkò tó ṣókùnkùn díẹ̀, ó dára, tó bá funfun tó ń kọ mànà, wọn kò kùn ún.

Ti dígí pupa ńkọ́? Ìtànjẹ ni fún ọdẹ. Ìmọ́lẹ̀ pupa ni ó ń tì padà sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i ní pupa. Ohun tó wọlé sí yín yóò dà bí ewé, àgbọ̀nrín tí àwọ̀ ara rẹ̀ pọ́n yóò sì tún ṣókùnkùn sí i. Bẹ́ẹ̀, àgbọ̀nrín ni ẹ ń wá o.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ má tijú, ẹ mú rúlà dání. Ẹ wọn dígí iwájú, kí ẹ wò ó bóyá ó bá nọ́ńbà kejì mu. Ẹ na awò jìnnà sí ojú, bí apá ṣe gùn tó, kí ẹ kọ ọ́ sí ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí oòrùn, nítorí oòrùn nínú awò lè fọ́ ojú títí ayé. Ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ róbótó méjì nínú dígí ẹ̀yìn. Tó bá rí róbótó dáadáa, dígí inú rẹ̀ dára, ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ BaK-4 sí i. Tó bá ní igun bí ojú páálí, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣókùnkùn, dígí tí kò tó bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo wáyà iná tàbí etí òrùlé páànù tó jìnnà. Bí ìlà kan bá di méjì, tàbí tí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún, ojú méjèèjì awò kò bá ara wọn lọ mọ́. Bóyá ó ti ṣubú rí. Ẹ dá a padà, má ṣe jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ojú yín ni yóò mọ́ ọn lára.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tún máa ń sọ pé awò kò dára nígbà tó jẹ́ pé wọn kò tò ó. Ẹ di ojú ọ̀tún, kí ẹ fi òsì wo nǹkan kan, kí ẹ yí kẹ̀kẹ́ àárín títí yóò fi mọ́ kedere. Ẹ wá di òsì, kí ẹ fi ọ̀tún wo nǹkan kan náà, kí ẹ yí òrùka tó sábà máa ń wà ní dígí ẹ̀yìn apá ọ̀tún. Ẹ fi àmì síbi tó dúró sí, ó tán. Ẹni tó ń lo gíláàsì ojú kí ó wá èyí tí wọ́n kọ eye relief 16 mílímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ààbọ̀ ohun tó wà níwájú ni yóò máa rí.

Ní ti owó, ọ̀nà mẹ́ta ni awò pín sí. Ti ìsàlẹ̀ ni ohun ìṣeré tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè. Ti òkè pátápátá ni ti àwọn bí Swarovski àti Leica. Iye rẹ̀ lè ju ti alùpùpù lọ, a kò sì ní í yá ẹnikẹ́ni lówó fún un. Ti àárín ni tiwa, irú bíi Nikon Monarch M5 àti Vortex Diamondback HD. Ní ipò yìí ni ẹ ó ti rí dígí tí wọ́n kùn dáadáa, tí omi kò lè wọ̀, tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ náítírójìn tàbí ágọ́nì kún inú rẹ̀ kí ooru má baà rú bò ó. Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú orúkọ ńlá o, rúlà àti iná gílóòbù ni ẹlẹ́rìí yín.

Tòkunbọ̀ náà wà. A ti rí Jenoptem 8x30 tí Carl Zeiss Jena ṣe nígbà tí ìlà oòrùn Jámánì ṣì dá dúró, ó ṣì ń ríran kedere. Ṣùgbọ́n kò gba omi, kò sì ní ìmọ́lẹ̀ tó 8x42 ní ìrọ̀lẹ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ láti iwájú. Bí ẹ bá rí nǹkan tó tàn bí òwú aláǹtakùn lára dígí, ebu ni, yóò sì máa jẹ dígí náà lọ.

Ebu yìí lè bá tuntun náà nílé wa níhìn-ín, nítorí òjò wa. Ẹ má tọ́jú awò sínú àpò awọ, ó ń gba ọ̀rinrin. Inú agolo gbígbẹ tó ní ìdérí ló dára, kí ẹ fi àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí i. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ ẹ dànù, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ọ́n, kí ẹ tó fi aṣọ òwú mímọ́ nù ún. Ẹni tó bá fi etí agbádá nu dígí tó ní eruku, yanrìn ló fi ń ha á.

Ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ti pinnu pé láti oṣù yìí lọ, ẹni tó bá yá owó fún awò yóò gbé e wá kí a tó san owó fún ẹni tó ń tà á. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpàdé ni a ó máa dán an wò, lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ní agogo mẹ́fà ààbọ̀. Ní ti arákùnrin wa tó ra 30x60, a ti fa àkókò ìsanwó rẹ̀ gùn dé oṣù mẹ́rìnlá láìsí èlé lórí oṣù mẹ́rin tó lé, ó sì ti gbà kí awò náà máa wà lọ́fíìsì ẹgbẹ́ kí àwọn mìíràn lè máa fi rúlà wọ̀n ọ́n.