Ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ olóṣù mẹ́rin kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí lásán

Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 22, ti ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ láti bí oṣù mẹ́rin. Inú á máa lọ́ ọ, á sì dìde lóru lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ikun àti ẹ̀jẹ̀ ló ń bọ́. Ó ti rù gan-an. Ó mu àgbo jẹ̀dí tí wọ́n ń tà lábẹ́ bíríìjì, kò ràn án. Kẹ́míìsì fún un ní Flagyl, ó rọlẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ó tún padà. Wọ́n ní ṣúgà ló fà á. Aládùúgbò mi ní kòkòrò ló wà nínú ìfun rẹ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́? — Ìyá kan, Dópẹ̀mú, Èkó.

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Oṣù mẹ́rin tí ẹ kọ yẹn ló kó mi lọ́kàn sókè. Ṣúgà kọ́ ló ń fa irú èyí. Ó lè jẹ́ kòkòrò amíbà ló ṣì wà nínú ìfun rẹ̀, àmọ́ ó tún lè jẹ́ egbò inú ìfun ńlá tí àwọn dókítà ń pè ní ulcerative colitis, tàbí ẹnìkejì rẹ̀, Crohn's. Àwọn kan ní àìsàn òyìnbó ni. Rárá o. Ní 2012, Alatise àti àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn tí àìsàn yìí ń ṣe ní ilé ìwòsàn ńlá mẹ́ta ní gúúsù Nàìjíríà.

Ní ti kòkòrò tí aládùúgbò yín sọ, gbogbo wa la ní wọn nínú ìfun, wọ́n lé ní tírílíọ̀nù 30, ayálégbé tó ń san owó ilé ni ọ̀pọ̀ wọn. Fáíbà inú ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ọkà tí ikùn wa kò lè dà, àwọn ló ń sọ ọ́ di butyrate, oúnjẹ tí ara ìfun ńlá fi ń gbéra. Lára ọ̀pọ̀ tí àìsàn egbò ìfun yìí ń ṣe, irú àwọn ayálégbé rere bẹ́ẹ̀ ti dín kù. Àwọn ọmọ ogun ara wá ń yìnbọn fún àwọn tó kù bí ẹni pé olè ni wọ́n, ògiri ilé ni ọta sì ń bà. Bó bá jẹ́ òun ló ń ṣe ọmọ yín, ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń rí nìyẹn. Ẹ̀rí pé àwọn kòkòrò ni ìjà náà dá lé rèé: àwọn onímọ̀ tọ́ eku tí àìsàn ìfun wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn dàgbà níbi tí kòkòrò kankan kò sí; ìfun wọn kò dégbò.

Nítorí àwọn ayálégbé rere tó ti dín kù yẹn ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má fún un ní Flagyl mọ́ láìṣe àyẹ̀wò. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ìfun kì í fẹ́ afẹ́fẹ́, irú wọn gan-an sì ni Flagyl ń pa. Bí amíbà bá wà, ó wúlò. Bí kò bá sí, ẹ ń lé àwọn tó ń tún ilé ṣe jáde ni.

Ní ti oúnjẹ àwọn ayálégbé yìí, ní 2010, àwọn onímọ̀ ará Ítálì fi ìgbẹ́ àwọn ọmọ abúlé Boulpon ní Burkina Faso wé ti àwọn ọmọ ìlú Florence. Jéró, ọkà bàbà, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ni àwọn ti Boulpon ń jẹ. Kòkòrò tó ń jẹ fáíbà sì pọ̀ nínú wọn ju ti àwọn ará Florence lọ. Ó ń dùn mí tí mo bá rí àwọn ọmọ tiwa ní Alimosho tí wọ́n ń jẹ Indomie láàárọ̀ àti lálẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí èyí kó ẹ̀wà bo ọmọ yín báyìí. Ìfun tó ń ṣẹ̀jẹ̀ kò lè gba fáíbà púpọ̀.

Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà. Kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò fún amíbà, kí wọ́n wo bí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ṣe tó, kí wọ́n sì fi okùn tó ní kámẹ́rà lórí wo ìfun rẹ̀ láti ìdí. Bó bá jẹ́ egbò ìfun ni, oògùn wà tó ń mú un rọlẹ̀, ọ̀pọ̀ tó ń lò ó sì ń ṣiṣẹ́ wọn lọ. Bí ibà bá mú un, tí òòyì ń kọ́ ọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lójijì, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́.

Ẹ kó páálí gbogbo oògùn tó ti lò dání, àti ìgò àgbo náà, kí dókítà fojú ara rẹ̀ rí wọn.