ÀÁRẸ̀ TÍ OORUN KÌ Í WÒ

Ẹ̀kọ́ kíkà: Àwọn Ọba Kìíní, orí 19, Ẹ́kísódù, orí 18

Gbogbo wa la mọ ìtàn Èlíjà lórí òkè Kámẹ́lì, bí iná ṣe sọ̀ kalẹ̀. A máa ń fi í wàásù dáadáa. Èyí tó tẹ̀ lé e ni a kì í fẹ́ kà. Wòlíì yìí kan náà sá lọ sí aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun.

Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Kì í ṣe ẹni tí kò mọ àdúrà gbà. Fìtílà tí epo tán nínú rẹ̀ tí a kò pa, òwú rẹ̀ gan-an ni yóò máa jó.

Irú rẹ̀ wà láàárín wa. Arábìnrin kan ń dín àkàrà kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń tọ́jú ìyá ọkọ tó dùbúlẹ̀ àìsàn, ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ìṣọ́ òru kan kì í sì í fò ó. Nígbà tó pẹ́, bó bá sùn, àárẹ̀ náà ló ń bá a jí. Orin tó ti ń dùn mọ́ ọn wá sú u. Ó ń jágbe mọ́ ọmọ, ó ń wo ara rẹ̀ bí ẹni tí kò wúlò. Àwa wá ní ayé ló ń bá a jà, a fún un ní ààwẹ̀ ọjọ́ méje! A ti ṣe irú èyí rí, kò dára.

Ní ọdún 1974, Herbert Freudenberger, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ní New York, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tí ó rí i lára wọn ni àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́, òun náà sì wà nínú wọn. Ẹ ò rí i pé ó ń mú ẹni tí ń fi tọkàntọkàn sìn.

Ẹ wá wo ìtọ́jú Ọlọ́run. Kò kọ́kọ́ bá Èlíjà wí. Ó jẹ́ kó sùn. Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó jẹ, ó mu, ó tún sùn, a tún jí i jẹun, kí ìrìn ogójì ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá rí ara rẹ̀ níhìn-ín, kí ó sọ fún àwọn àgbà ìjọ, kí ó sì lọ rí dókítà, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ náà a máa mú irú àárẹ̀ yìí wá. Bí ọkàn rẹ̀ bá ń fẹ́ ikú, kí ó má dá wà, kí ó má sì fi í pa mọ́. Èlíjà fi ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Beerṣeba, ó dá wọ aginjù. Ìyẹn ni kí a má fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Ṣùgbọ́n bí a bá sinmi, tí ẹrù ọjọ́sí ṣì ń dúró, kí la ṣe? Láti àárọ̀ di alẹ́ ni Mósè fi ń ṣe ìdájọ́, Jẹ́trò àna rẹ̀ ló ní kí ó pín in fún àwọn mìíràn. Nítorí náà, lẹ́yìn ìsìn Sunday tó ń bọ̀, kí àwọn ìyá ìjọ jókòó, kí wọ́n wo ẹni tí yóò ti arábìnrin yìí lẹ́yìn: ta ni yóò sùn ti ìyá àgbà lóru Friday, ta ni yóò gba iṣẹ́ akọrin fún oṣù mẹ́ta. Kí a sì sọ fún un pé a kò lé e.