Ẹ̀kọ́ Wa: Nígbà tí Hard Disk Ẹgbẹ́ Bá Dákú

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí ti inú ohun tí ojú wa rí ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tiwa ní Ara, lágbègbè Ẹdẹ, jáde. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn aṣàyẹ̀wò ìwé owó dé, iná lọ, iná dé, akọ̀wé wa tan kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà kò jí. Owó ìfipamọ́, ìpín àti ẹ̀yáwó gbogbo wa ni ó wà nínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti gba ọjà kan pé owó ẹgbẹ́ ti wọgbó. Owó kò wọgbó, báǹkì ni owó wà. Ohun tí ó sọnù ni ẹ̀rí iye tí ó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún ẹni tí ó ti ń dá owó láti ọdún méjìlá?

Hard disk ni àpótí irin pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà ń kó ìwé pamọ́ sí. Àwo róbótó tí ń dán bí dígí ni ó wà nínú rẹ̀, tí ó sábà máa ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàrin ìṣẹ́jú kan. Apá kékeré kan ń rá bàbà lórí àwo náà láì fara kàn án. Òun ni ó ń kọ̀wé, òun náà ni ó ń kà á. Àlàfo àárín wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí irun orí ènìyàn fi nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹ̀yin ẹ wo eruku ọ́fíìsì wa nígbà ọyẹ́, kí ẹ wá mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́dọ̀ tú u wò lórí tábìlì.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ pa kọ̀ǹpútà náà. Má tàn án, má pa á, má tún un tàn. Bí ẹ bá ti gbọ́ tí ó ń dún kọ́ọ, kọ́ọ, kọ́ọ, tàbí tí ó ń ha, apá inú rẹ̀ ni ó ti bàjẹ́, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá sì tún un tàn lè fá lára ìwé yín dànù. Iṣẹ́ àfọwọ́ṣe parí síbẹ̀. Àwọn kan yóò ní kí ẹ gbé e sínú fíríìsà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, omi ni yóò sẹ̀ sí ara àwo. Àwọn mìíràn yóò ní kí ẹ ra irú rẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ pátákó iná ìdí rẹ̀. Èyí a máa ṣiṣẹ́ láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n nínú púpọ̀ nínú ti òde òní, pátákó kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ tí ó bá àwo tirẹ̀ nìkan mu.

Irú èyí di ti àwọn tí ó ní yàrá tí eruku kò lè wọ̀, owó wọn sì wọ́n. Síbẹ̀, ẹ má sọ̀rètí nù. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì, ọdún 2003, ọkọ̀ òfuurufú Columbia fọ́ sójú ọ̀run ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn méje tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Wọ́n rí hard disk kan he nínú àwókù rẹ̀, ó ti jóná. Iléeṣẹ́ Kroll Ontrack yọ àwo rẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n gbé e sínú òmíràn, wọ́n sì rí nǹkan bí ìdá 99 nínú 100 kà. Ìdajì rẹ̀ péré ni ó kún, ibi tí a kò kọ nǹkan sí ni ó sì ha.

Tiwa kò dún kọ́ọ. A tú u kúrò, a fi wáyà USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn tí ó ní bátìrì. Ojú kọ̀ǹpútà bi wá bóyá kí ó format rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti na ìka, a gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù! Format dà bí kí a pa ààlà oko rẹ́ kí a tó mọ ẹni tí ó ni ín. Ẹ kọ̀ ọ́. Ẹ má sì gbé ètò kankan sórí hard disk tí ń ṣàìsàn náà.

Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ná. Ẹ wá hard disk mìíràn tí kò kéré sí i. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí Antonio Diaz Diaz ṣe, ddrescue ni orúkọ rẹ̀. Ó ń ṣe bí ẹni tí ń ká kòkó: èyí tí ọwọ́ tó ni yóò kọ́kọ́ ká, lẹ́yìn náà ni yóò padà sí èyí tí ó le. Ó sì ń kọ ibi tí ó dé sínú fáìlì kékeré kan, nítorí náà bí iná bá lọ, kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. (Ẹni tí ó ṣe é lè má mọ̀ wá rí, ṣùgbọ́n ó ṣe wá lóore.) Ewu kan wà níbẹ̀: bí ẹ bá ṣi orúkọ hard disk méjèèjì kọ, òfìfo ni yóò dà lé ìwé yín lórí. Kí ènìyàn méjì kà á sókè kí a tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀dà náà ni a wá ń tún ṣe. TestDisk, tí Christophe Grenier ṣe, a máa wá ààlà tí ó sọnù. PhotoRec, tí í ṣe èkejì rẹ̀, a máa ṣa fáìlì jọ láì mọ orúkọ wọn. Ó gbà wá ní ọjọ́ méjì láti ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí tiyín bá jẹ́ SSD, tí kò ní àwo, ẹ yára pa á, nítorí ohun tí a bá pa rẹ́ lórí rẹ̀ kì í sábà padà.

Léjà wa padà, àfi àkọsílẹ̀ ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ó kẹ́yìn. Pásbúùkù ni ó gbà wá. A ké sí àwọn ènìyàn, ìyá àgbà kan sì tú tirẹ̀ láti inú gèlè. Owó rẹ̀ pé, ti àwa ni kò pé: a kò kọ ìdá owó rẹ̀ kan sílẹ̀ rárá, ṣáájú kí kọ̀ǹpútà tó dákú pàápàá.

Bí ẹ bá gbé e fún oníṣẹ́, kí akọ̀wé bá a lọ, kí ẹ sì kọ àdéhùn sílẹ̀. Nọ́ńbà fóònù àti ti báǹkì yín wà nínú rẹ̀, òfin ìdáàbòbò dátà ọdún 2023 sì mú ẹgbẹ́ náà.

Ní báyìí, akápò ń mú ẹ̀dà lọ sílé ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, a sì ń tẹ iye owó oníkálukú sórí ìwé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ti ìgbà yìí ti wà ní ọ́fíìsì. Ẹni tí kò bá tíì fọwọ́ sí tirẹ̀, kí ó mú pásbúùkù rẹ̀ dání wá.