Ordinary: Lásán àti Yẹpẹrẹ

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fẹ́ kọ́ lónìí ni ordinary. Ní Lomé, a máa ń gbọ́ ordinaire lẹ́nu àwọn tí ń sọ Faransé. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra, ìtumọ̀ wọn sì jọra. Ohun tí a ń rí lójoojúmọ́, tí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Yorùbá ń pè é ní lásán.

Kà á sókè:
It is an ordinary cup. Ife lásán ni.
It is an ordinary stick. Igi lásán ni.

Yẹpẹrẹ le ju lásán lọ. Bí a bá pe nǹkan ní yẹpẹrẹ, ohun tí à ń sọ ni pé kò ní láárí.

Wo orín tí a fi ń fọ eyín. Igi lásán ni. Ṣùgbọ́n ṣé yẹpẹrẹ ni?

Láyé àtijọ́, igi tí a ń gé orín lára rẹ̀ pọ̀ ní etí òkun níbí. Àwọn Ewe ń pe igi náà ní alo. Wọ́n pe ibẹ̀ ní Alomé, ìyẹn ni àárín igi alo. Nígbà tí ó yá, Alomé di Lomé. Ní ọdún 1897, àwọn Jámánì tí ń ṣàkóso Tógò nígbà náà fi Lomé ṣe olú ìlú. Igi orín ni ó fún olú ìlú wa ní orúkọ!

Àwọn àgbà ní, abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Ṣọ́ra bí ọ̀rọ̀ bá kan ènìyàn. Bí o bá sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé, "Orín lásán ni màmá ẹ ń tà," inú rẹ̀ yóò bàjẹ́. Owó orín náà ni màmá rẹ̀ fi ń ra ìwé fún un. Ife lè jẹ́ lásán. Iṣẹ́ òbí ẹnìkan kì í ṣe lásán.

Dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:
1. Kí ni ìtumọ̀ Alomé?
2. Èwo ni ó le jù, lásán tàbí yẹpẹrẹ?
3. Dárúkọ ohun lásán kan nílé yín. Kí ni ẹ ń fi í ṣe?