Ìdí Ìkòkò Ni Ká Kọ́kọ́ Wò

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ìfaradà ni àwọn àgbà sábà máa ń fi òwe yìí kọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta sítóòfù induction yóò rí i pé ó bá iṣẹ́ ẹ̀rọ náà mu rẹ́gí. Ọwọ́ iná kì í yọ lórí induction, irin kan kì í sì í pọ́n lábẹ́ rẹ̀. Wáyà bàbà tí wọ́n ká róbótó ló wà lábẹ́ gíláàsì rẹ̀. Nígbà tí iná mànàmáná bá ń gba inú wáyà náà, tó ń lọ tó ń bọ̀ ní nǹkan bí ìgbà 20,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára òòfà á jáde láti ara rẹ̀, á wọ ìdí ìkòkò, á sì bí iná mànàmáná mìíràn sínú irin ìkòkò náà. Irin yẹn ló ń gbóná, òun ló sì ń ran gíláàsì. Láti ọdún 1831 tí Michael Faraday ti rí i pé òòfà tó ń yí padà lè bí iná mànàmáná ni ìmọ̀ yìí ti wà nílẹ̀. Nígbà tó ti jẹ́ pé ìkòkò ló ń ṣe iṣẹ́ iná, ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó ń múra àtira induction ni pé kó fi ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ṣe ohun tí yóò yẹ̀ wò kẹ́yìn. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìkòkò tó wà nílé, iye tí à ń ra iná, àti wáyà tó wà nínú ògiri ló yẹ kó sọ irú èyí tí a ó rà, tàbí kó tilẹ̀ sọ pé ká má tíì rà á.

Ẹ mú òòfà kékeré kan, irú èyí tí wọ́n fi ń lẹ nǹkan mọ́ ara fíríìjì, kí ẹ fi kan ìdí ìkòkò ilé yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí òòfà bá lẹ̀ mọ́ dáadáa yóò ṣiṣẹ́. Èyí tí kò bá lẹ̀ mọ́, bí ẹ gbé e lé induction, ẹ̀rọ náà á kàn máa ké ni, kò ní mú un gbóná. Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, ìdánwò yìí máa ń ba ni lọ́kàn jẹ́, nítorí alumíníọ́mù ló pọ̀ jù nínú ìkòkò tí à ń lò, yálà èyí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tò léra wọn tà, tàbí èyí tó wúwo tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń yọ́ àlòkù alumíníọ́mù dà. Páànù dúdú tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ náà, alumíníọ́mù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àfi èyí tí wọ́n bá fi irin pẹlẹbẹ sí ní ìdí. Stainless kì í ṣe oríṣi kan, òòfà ń lẹ̀ mọ́ òmíràn, kì í lẹ̀ mọ́ òmíràn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi dídán rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Ìkòkò irin dúdú àti ìkòkò onítánńganran dára bí ìdí wọn bá tẹ́jú. Ìdí tó rí róbótó kò wúlò níbẹ̀, torí pé agbára òòfà yẹn kì í rìn jìnnà, àlàfo díẹ̀ láàárín gíláàsì àti irin á ti dín in kù. Àwọn ará wa tó gba ilé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n bá induction nínú rẹ̀, ti mọ ìṣòro yìí, ìkòkò tí wọ́n dì láti ilé wá kàn wà níbẹ̀ ni. Wọ́n ń ta irin pẹlẹbẹ kan tí a lè gbé sáàárín gíláàsì àti ìkòkò alumíníọ́mù, ṣùgbọ́n n kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀. Irin yẹn á gbóná kọjá ààlà kí ìkòkò tó gbóná, iná á ṣòfò, ooru rẹ̀ sì lè ba gíláàsì jẹ́. Ó sàn kí a ka owó ìkòkò tuntun méjì tàbí mẹ́ta mọ́ owó ẹ̀rọ látìbẹ̀rẹ̀. Bí àpapọ̀ wọn bá ti ju agbára ẹni lọ, a jẹ́ pé àsìkò kò tíì tó.

Ẹ̀rọ mìíràn wà lọ́jà tó jọ induction bí ìbejì, àwọn ọlọ́jà míì a sì máa pè é ní orúkọ kan náà. Infrared ni. Òun náà ní gíláàsì dúdú lórí, òun náà ní bọ́tìnì tí à ń fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n irin inú rẹ̀ máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, gbogbo ìkòkò ló sì ń gbà. Kì í ṣe ẹ̀rọ burúkú. Ẹni tí kò lè pààrọ̀ ìkòkò rẹ̀ lè rà á, kó ṣáà mọ ohun tó rà: ó ń jẹ iná ju induction lọ fún iṣẹ́ kan náà, gíláàsì rẹ̀ sì máa ń gbóná pẹ́ lẹ́yìn tí a bá pa á, èyí tó léwu nílé tí ọmọ kékeré bá wà. Bí ọlọ́jà bá ń búra pé induction tí òun ń tà gba ìkòkò alumíníọ́mù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé infrared ló gbé dání.

Ọ̀rọ̀ owó ló le jù, òun sì ni àwọn tó ń polówó ọjà kì í fẹ́ dúró lé lórí. Òótọ́ ni pé induction kì í fi agbára ṣòfò. Nínú iná tó bá gbà, nǹkan bí 85 nínú 100 ló ń wọ inú ìkòkò. Ooru gáàsì tó ń wọ inú ìkòkò kì í sábà ju nǹkan bí ìdajì lọ, ìyókù á gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò jáde, á lọ mú ilé ìdáná gbóná. Lítà omi kan, láti bó ṣe wà nínú kẹ́ẹ̀gì títí tí yóò fi hó, kì í gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá yúnìtì kan lọ, induction tó ní agbára 2,000 wáàtì á sì hó o ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 3. Síbẹ̀, ẹ̀rọ lè má fi nǹkan ṣòfò kí owó rẹ̀ sì wọ́n. Agbára tó wà nínú kílò gáàsì kan tó nǹkan bí yúnìtì iná 12.8. Bí a bá yọ ohun tí gáàsì ń fi ṣòfò, tí a yọ èyí tí induction ń fi ṣòfò, iṣẹ́ tí kílò gáàsì kan ń ṣe, yúnìtì 6 sí 7 àbọ̀ ni induction yóò fi ṣe é. Ẹ mú 7. Ẹ fi 7 sọ iye tí ẹ ń ra yúnìtì kan di púpọ̀, kí ẹ wá fi wé iye tí wọ́n ń ta kílò gáàsì ní àdúgbò yín. Ìṣirò yìí wúlò ju ìlérí ọlọ́jà kankan lọ.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà gbé owó yúnìtì àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́ ó kéré tán, láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ₦206.80 lóṣù tó tẹ̀ lé e, nígbà tó sì di oṣù keje, ó di ₦209.50. Bí a bá fi 7 sọ ₦209.50 di púpọ̀, ₦1,466 àti àbọ̀ ni, ká tó ka owó orí VAT mọ́ ọn. Níbi tí wọ́n bá ti ń ta kílò gáàsì ní ₦1,200, gáàsì ló rọjú fún onílé Band A tó bá ń san iye yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra yúnìtì kan ní ₦65, ₦455 péré ni iṣẹ́ kílò gáàsì kan yóò ná an, èrè rẹ̀ sì pọ̀. Ohun tó ń dun ni níbẹ̀ ni pé ẹni tí iná rẹ̀ pọ́ọ́kú ni kì í rí iná, nítorí wákàtí 8 tàbí 12 ni ìlérí tí wọ́n ṣe fún púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó sì ń rí iná, owó gọbọi ló fi ń rà á. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹni tó ń sá fún owó gáàsì tó ń gòkè kò gbọdọ̀ sá wọnú owó iná tó ti gòkè ṣáájú rẹ̀ láìṣírò.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé induction kò yẹ kó lé gáàsì jáde nílé wa, ẹnìkejì rẹ̀ ni kó jẹ́. Àwọn kan lè bi mí pé, kí ni ẹrù méjì wá fún nígbà náà? Èsì mi ni pé gáàsì kì í sọ fún ni kó tó tán, iná NEPA kì í dágbére kó tó lọ, ilé tó ní méjèèjì kì í sì í sùn lébi nítorí ọ̀kan. Àǹfààní mìíràn wà tí owó kò lè wọ̀n. Ní ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó tó ẹ̀mí mílíọ̀nù 3.2 tí èéfín ìdáná inú ilé pa lọ́dún 2020, láti ara igi, èédú, kẹrosíìnì àti irú wọn. Fún ilé tó ṣì ń fi sítóòfù kẹrosíìnì tàbí èédú dáná nínú yàrá tí kò ní fèrèsé tó tó, induction kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá wà ti ṣe oore fún ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ ilé náà, kódà bó bá jẹ́ oúnjẹ kan péré ló ń sè lójúmọ́.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Induction olójú kan tí à ń gbé kiri, tó ní nǹkan bí 2,000 wáàtì, píláọ́gì oní 13 amp lè gbé e bó bá jẹ́ ojúlówó, tí ó wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri tààrà. Extension olówó pọ́ọ́kú tí wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, irú rẹ̀ ló ń yọ́, òun ló sì ń dá iná sọ ilé. Olójú méjì tó ní 3,500 wáàtì ti ju ohun tí píláọ́gì oní 13 amp lè gbé. Olójú mẹ́rin tí wọ́n ń dè mọ́ kàńtà lè gba 7,000 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó ju 30 amp, ó sì gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀, irú oní 6 mílímítà, àti bíréékà tirẹ̀ láti ibi tí iná ti wọlé. Oníṣẹ́ iná ni kó wo èyí kí á tó sanwó ọjà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò tó 1,000 wáàtì kò lè gbé èyíkéyìí nínú wọn. Bátìrì ìńfátà 12 fóọ́tì kan tó jẹ́ 200 Ah, bí a kò bá fẹ́ fà á kọjá ìdajì kó má bàa tètè kú, yúnìtì 1.2 péré ló lè fún wa, induction sì lè jẹ ẹ́ tán láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ní sólà tó pọ̀ yàtọ̀: bó bá ń dáná ní ọ̀sán gangan nígbà tí oòrùn ń fún un ní ju ohun tí bátìrì lè gbà lọ, oúnjẹ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Kí á má sì gbàgbé pé bí iná bá wálẹ̀ tó ń ṣe bàìbàì, ọ̀pọ̀ induction á kọ̀, wọn á kàn máa fi nọ́ńbà àṣìṣe hàn lójú wọn.

Ó ku oúnjẹ wa. Wọ́n ní a kò lè ro àmàlà lórí gíláàsì, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Agbára tí à ń fi ọmọorogùn yí i á máa gbé ìkòkò lọ gbé e bọ̀, gíláàsì náà lè sán. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná ni àmàlà ń fẹ́ jù lọ. Ẹ jẹ́ kí omi hó lórí induction, kí ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀, kí ẹ rò ó nílẹ̀, kí ẹ tún gbé e padà bó bá fẹ́ jinná sí i. Ẹ̀wà ló ń tú àṣírí ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú. Bí a bá fi í sí iná kékeré, púpọ̀ nínú wọn kì í lè dín agbára kù. Ńṣe ni wọ́n á jó ní agbára kíkún fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọ́n á pa, wọ́n á tún jó, ẹ̀wà á máa ru gùdù, á máa dákẹ́, ìdí rẹ̀ á sì jó. Wáyà róbótó inú òmíràn kéré, àárín ìkòkò ńlá nìkan ló ń mú gbóná, ata tó wà ní àárín á ti dín tán kí ti ẹ̀gbẹ́ tó gbóná. Òróró àkàrà kì í pẹ́ gbóná lórí rẹ̀ rárá, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ lọ dáhùn ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rọ tó ní bọ́tìnì tí à ń yí ló dára jù, torí ọwọ́ tó tutù máa ń da gíláàsì tí à ń fọwọ́ kàn láàmú.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé agbára òòfà rẹ̀ ń ṣe ara ní ibi. Agbára yẹn máa ń dínkù kíákíá bí a bá ti kúrò lára gíláàsì, ẹni tó gbé ìkòkò tó bo ojú rẹ̀ dáadáa kò ní ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ pacemaker sí ọkàn nìkan ni kó jìnnà sí i ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60, kó sì bi dókítà rẹ̀ léèrè kó tó rà á.

Lọ́jọ́ tí a bá ń lọ sọ́jà, kí a mú ìkòkò tí à ń fi se ọbẹ̀ nílé dání. Kí ọlọ́jà bu omi sí i, kí ó gbé e ka orí induction náà, kó hó, lẹ́yìn náà kí ó gbé e wá sí nọ́ńbà tó kéré jù. Kí a dúró wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ bóyá omi náà ń rọra hó ni, tàbí ó ń hó tó ń dákẹ́. Kí a yí ẹ̀rọ náà padà, kí a wo ibi tí fáànù rẹ̀ ti ń fa atẹ́gùn, torí ibẹ̀ ni eruku àti aáyán máa ń bá wọlé, kí a sì bèèrè ẹni tó ń tún un ṣe ládùúgbò. Bí ọlọ́jà bá kọ̀ pé òun kò lè tan ọjà tí òun kò tíì tà, kí a gbé ìkòkò wa lọ sí ìsọ̀ kejì.